Ọmọ Ọdún Márùn-ún Kò Pa Ẹnikẹ́ni

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin

A sin ọmọ Lutete àbúrò mi láàárọ̀ yìí. Oṣù mẹ́jọ péré. Òjò kò jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ gbogbo wa ń rì sínú ẹrẹ̀ pupa níbi ìsìnkú. Ibà ló pa á. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa, ó ní a pẹ́ kí a tó gbé e dé. Kiala, ọkọ Lutete, ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa gbàdúrà sí i ná. N kò sọ ọ́ níbi òkú. Mo gbé e mì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bá ọmọ náà ṣeré kẹ́yìn. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi, mo fi aṣọ bò ó. Ní bí oṣù kan sẹ́yìn, bí mo bá bò ó báyìí, lójú tirẹ̀ kọ́kọ́rọ́ ti tán láyé nìyẹn, á yíjú síbòmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ó na ọwọ́, ó ká aṣọ kúrò, ó wá rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó mú olè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí ṣì lè wà níbẹ̀. Ohun tó kọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin

Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí kálàmù ń ya bébà.

A jókòó sórí ẹní nílé Lutete, àwọn obìnrin àdúgbò wá bá wa kẹ́dùn. Nsona, ọmọ Lutete obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, wọ àárín wa, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Èmi ni mo pa á."

Lukau, ẹ̀gbọ́n Kiala obìnrin, fà á mọ́ra. "O ní kí lo ṣe?"

"Mo ní kó lọ. Ó gba ẹ̀yìn màmá mi. Mo bínú, mo ní kó lọ, ó sì lọ."

Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọdé ni. Bí wọ́n ṣe ń ronú nìyẹn."

Lukau kò wo ojú mi. "Ta ló kọ́ ẹ? Ta ló máa ń wá mú ẹ lóru?"

Mo rí Nsona tó ń wo ojú rẹ̀, tó ń wá ìdáhùn tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe máa ń ṣe tí mo bá béèrè ohun tí wọn kò mọ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára páálí ọṣẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ìyá àgbà kan ni."

"Ìyá àgbà wo?"

"Èyí tó wọ aṣọ pupa."

Ìyá àgbà aláṣọ pupa ni wọ́n yà sára páálí ọṣẹ náà! Ó wà níwájú gbogbo wọn! Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Ẹ wò ó! Ẹ wo ibi tí ọmọ yìí ń wò!" Kò sẹ́ni tó yíjú. Wọ́n ti ń fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ Nsona, wọ́n ń ká etí aṣọ wọn sókè bí ẹni tí omi ìdọ̀tí fẹ́ ta sí lára. Lutete tó bí i náà fà sẹ́yìn. Mo rí i.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹrin

Mo kọ́ àwọn ọmọ mi lónìí pẹ̀lú ọkàn tó ń hó. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Matadi yìí kan náà. Lónìí nìkan: Lusala lu àga nítorí pé àga gbá a lórókún, ó ní kí àga bẹ òun. Ọmọbìnrin kan ní oòrùn tẹ̀ lé òun wá láti ilé, ó sì dúró síta torí pé olùkọ́ kò ní kó wọlé. Òmíràn ní òun ló mú òjò dá, torí òun ti parí ẹ̀kọ orí àwo òun.

Tí ẹnì kan bá fi ọ̀kan nínú wọn sórí àga ìgbẹ́jọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò ní jẹ́wọ́. Lójú wọn, ohun tó wà nínú wọn àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde, ọ̀kan náà ni. Ọjọ́ orí ń mú un kúrò fúnra rẹ̀, bí eyín àkọ́kọ́ ṣe ń yọ. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi iná lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Kiala ti mú Nsona lọ sílé àdúrà Mama Ndona, wòlíì tó ń lé ẹ̀mí àjẹ́ jáde.

Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo ní, "Kiala, ọmọ dà?"

"Wọ́n ń tú u sílẹ̀."

"Ta ló dè é?"

"Ya Mafuta, ẹ má bá mi fa ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́."

"Mo gbọ́. Mo tún gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ìwọ ni kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn."

Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo sì dúró dè é. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó sàn fún un kí ọmọ ọdún márùn-ún jẹ́ apànìyàn ju kí òun gbà pé òun pẹ́.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin

Mo lọ. Matuzola, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní òun kò ní jẹ́ kí n dá lọ. A gun òkè náà nínú òjò, omi ń ya lu ẹsẹ̀ wa pẹ̀lú ìdọ̀tí gbogbo àdúgbò.

Ọmọ mẹ́rin ló wà lórí ẹní nínú ilé àdúrà náà. Wọ́n ti fá orí Nsona. Wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti ọmọbìnrin kan tó jù ú lọ díẹ̀. Ètè rẹ̀ ti là. Kò sunkún. Ó bi mí pé, "Mama Mafuta, ṣé ẹ mú kwanga wá?"

Mo mú un wá. Ẹ̀gẹ́ tí a sè sínú ewé náà wà nínú àpò mi, mo ti bó ewé ara rẹ̀ kúrò. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní àwẹ̀ ni wọ́n wà.

Mama Ndona jáde wá. Obìnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Arábìnrin mi, inú tó ń bí yín yìí, òun náà ni ẹ̀mí yẹn ń jẹ."

Mo ní, "Ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ rí i bóyá inú mi ò ní rọ̀."

"Bàbá rẹ̀ ló mú un wá. Kí bàbá rẹ̀ wá mú un."

Wọ́n tì wá síta. Láti ibẹ̀ a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó jókòó níbẹ̀ ń jẹ èso safu, ó ń ju kóró rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mama. Ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé." Mo béèrè bóyá ó ní ọmọ. Ó ní òun ní mẹ́fà. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn bínú lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kú. Ó ní kí n jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kẹrin

Òjò. Ilẹ̀ ya lulẹ̀ dí ọ̀nà Songololo, ọkọ̀ kò kọjá. Songololo ni Tata Nlandu wà, àbúrò ìyá wa ọkùnrin, òun ló kù tó jẹ́ olórí ilé wa. Kiala lè jẹ́ bàbá títí, lọ́dọ̀ wa ilé ìyá ló ni ọmọ. Bí Tata bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó lè gbé e jù sílẹ̀. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ti gbówó lórí torí ọ̀nà tó dí yìí. A jẹ ọ̀dùnkún.

Diakiese, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn nígbà tí a ń jẹun. Ó ní, "Nsona ò lè pa á. Ilé wa ló wà lọ́jọ́ yẹn. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń ṣa òkúta."

Matuzola ní, "Wọ́n á ní ẹ̀mí ẹ̀ ló lọ."

"Ẹ̀mí ẹ̀ dà? Èmi rí i. Ó ń ṣa òkúta."

"Ká ní lóòótọ́ ni pé ìbínú ń pa èèyàn," ni Matuzola wí, "ta ni ì bá ṣẹ́ kù ní Matadi? Ìyá wa nìkan ì bá ti pa àdúgbò yìí run lọ́sẹ̀ yìí."

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo wo àwọn méjèèjì. Diakiese gbọ́dọ̀ fojú rí nǹkan kó tó gbà á. Matuzola ti lè gbé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá sọ́wọ́, kó máa yí i wò. Àwọn náà ti rí bíi Nsona rí. Matuzola kò jẹ́ kí n gé èékánná rẹ̀ nígbà kan, ó ní ó ń dun èékánná. Mélòó nínú àwọn àgbà tó wà nílé yẹn ló rántí pé àwọn náà ti gba ibẹ̀ kọjá?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin

Mo gun ọkọ̀ akẹ́rù dé ibi tí ilẹ̀ ti ya, mo fẹsẹ̀ rìn kọjá ẹrẹ̀, mo wọ òmíràn ní òdìkejì. Tata Nlandu wà lóko. Mo rò ó fún un lórí ìdúró.

Ó ní, "Wọ́n so ó mọ́lẹ̀?"

"Wọ́n so ó, Tata."

Ó fọ ọkọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó wọ bàtà. Ó ní, "A ń lọ."

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù kẹrin

A ti gbà á! Tata wọ ilé àdúrà wọn nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ oko gé okùn náà. Ọkùnrin aláṣọ funfun fẹ́ dí i lọ́nà. Tata ní, "Ọmọ ilé ìyá mi rèé. Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́?" Orin dákẹ́. Mama Ndona ní òun yóò wá sọ ti òun níwájú ẹbí. Tata ní kó máa bọ̀.

Nsona mu ọbẹ̀ ẹja, ó bì í, ó tún mu ún. Àwọn ọmọ mẹ́ta ṣì wà lórí ẹní yẹn. Mi ò lè gbé wọn kúrò lójú mi.

Ọjọ́rú, 16 oṣù kẹrin

Ìpàdé ẹbí, nínú àgbàlá mi, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́kàn mi.

Tata Nlandu jókòó láàárín. Kiala àti Lukau wà lápá kan. Lutete jókòó lẹ́yìn wọn pẹ̀lú aṣọ dúdú, kò wo ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mama Ndona wá pẹ̀lú àwọn méjì tirẹ̀. Kiala ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ó ní ọmọ náà jẹ́wọ́, ó sọ ẹni tó kọ́ ọ, kí ló tún kù?

Mo bu ẹmu tó wà níwájú Tata sínú ife méjì tó rí bákan náà. "Nsona, èwo ló pọ̀ jù?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n dáadáa. "Wọ́n dọ́gba."

Mo mú ọ̀kan, mo dà á sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. "Báyìí ńkọ́?"

"Ti inú ìgò ló pọ̀. Ó ga."

Tata ní, "Ah! Ọmọ yìí ni n ó máa ta ẹmu fún!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Diakiese kò lè pa á mọ́ra: "Ọ̀kan náà ni! Ẹ dà á padà, ẹ máa rí i!"

Mo dìde. Mo ní, "Ẹni tí kò tíì mọ̀ pé ẹmu kì í pọ̀ sí i nítorí pé a pààrọ̀ ife, òun lẹ ní ó mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí lára èèyàn? Òun lẹ fi ebi pa?"

Mama Ndona rọra mi orí. "Àjẹ́ gbọ́n, arábìnrin mi. Ó ń díbọ́n pé òun kò mọ̀ ni."

Matuzola sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ dákun, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Tó bá ní òun ṣe é, àjẹ́ ni. Tó bá ní òun ò ṣe é, ó ń díbọ́n, àjẹ́ ni. Tó bá dákẹ́, àjẹ́ ni. Ká ní ọmọ kan wà tí kì í ṣe àjẹ́, kí ló yẹ kó ṣe kẹ́ ẹ tó mọ̀?"

Kiala fò sókè. "Ta ló ní kí ọmọdé dá sí ọ̀rọ̀ yìí?"

Tata gbé ọwọ́ sókè. "Jókòó, Kiala. Ìbéèrè ni. Ẹ dá a lóhùn."

Mama Ndona tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní àwọn nǹkan kan wà tí a kì í fi ọgbọ́n orí wá. Tata ní òun ti gbọ́.

Ó wá pe Nsona sí àárín orókún rẹ̀. "Ìyá mi, ta ló mú òjò rọ̀ lánàá?"

"Èmi ni."

"Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo sunkún."

"Ta ló bu òṣùpá jẹ tó fi ku ìdajì?"

Ó ronú. "Diakiese ni." Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Lukau pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àbúrò rẹ ńkọ́? Níbo ló wà?"

"Ó wà nínú ilẹ̀. Mo ti ní kó máa bọ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Bóyá tí òjò bá dá, á jáde."

Kò sí ẹ̀rín mọ́. Láti ẹ̀yìn wọn lọ́hùn-ún Lutete ké igbe kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú pàápàá. Ó dìde, mo rò pé ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀ wá gbé. Ó sá jáde kúrò ní àgbàlá.

Tata ní, "Ọmọ yìí kò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ Mafuta ni yóò máa gbé. Ẹni tó bá tún pè é ní àjẹ́, èmi ló pè bẹ́ẹ̀." Kiala tutọ́ sílẹ̀, ó lọ. Mama Ndona kí gbogbo wa kó tó lọ, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ń gbóná lára mi títí di báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹrin

Nsona kì í bínú mọ́. Mi ò mọ̀ bí mo ṣe lè mú kó yé ẹnikẹ́ni bí ìyẹn ti burú tó. Diakiese gba ẹran inú àwo rẹ̀ láti fi dán an wò. Nsona kàn dìde, ó lọ jókòó sábẹ́ tábìlì. Ó gbà wọ́n gbọ́ pé ìbínú òun ń pa èèyàn. Wọ́n fi ebi kọ́ ọ, ó sì kọ́ ọ dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù karùn-ún

Àwọn òbí mẹ́rin ti mú ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì mi. Ọ̀gá ilé ìwé pè mí, ó ní kí n má mú "ọmọ yẹn" wá mọ́ ná, kí ọ̀rọ̀ tutù. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́?" Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kí n wo ilé ìwé. Ẹni tó gbà mí gbọ́, tí kò sì ní sọ̀rọ̀ síta, ó ń bí mi nínú ju Lukau lọ. Mo mú Nsona wá lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó níwájú.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù karùn-ún

Mo fẹ́ jó!

Diakiese tẹ ilé tí Nsona fi òkúta kọ́ fọ́. Inú bí Nsona, ó pariwo mọ́ ọn: "Lọ! Lọ! Lọ!" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó dì mọ́ Diakiese lẹ́sẹ̀ pé kó má lọ. N kò tíì dé ibẹ̀ tí Diakiese fi sọ pé, "Wò ó, mo ṣì wà. Tún un sọ."

"Rárá."

"Tún un sọ, ká wò ó."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Diakiese dúró. Ó sọ ọ́ sókè díẹ̀. Diakiese dúró. Nígbà tó yá ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo, Diakiese ń jó níwájú rẹ̀, ó ń lu àyà, ó ní, "Mo wà ńbí! Mo wà ńbí!" Gbogbo àlàyé mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá kò tó ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù karùn-ún

Òjò ti lọ, òtútù ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀. Tata àti èmi rí adájọ́ tó ń bójú tó ọ̀ràn àwọn ọmọdé. Ó rán èèyàn lọ sílé Mama Ndona. Ọmọ méjì ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá mú un lọ. Àwọn wo? Kò sí ẹni tó mọ̀. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Mo pariwo nínú ọ́fíìsì adájọ́ títí Tata fi fà mí lọ́wọ́. N ó padà lọ. N ó máa padà lọ títí orúkọ mi yóò fi sú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù karùn-ún

Lutete wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. N kò sọ pé kó jókòó. Mo ti to ohun tí n ó sọ fún un jọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì burú. Ṣùgbọ́n Nsona ti rí i.

Lutete kúnlẹ̀. "Ibà ló pa á, Nsona. Kì í ṣe ìwọ."

Nsona rò ó. "Kí ló ṣe fún ibà?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló dé tí ibà fi bínú sí i?"

Lutete wò mí kí n ràn án lọ́wọ́. Tirẹ̀ ni láti dáhùn.

Ó ní, "Ibà kì í bínú. Èmi ni mo bínú. Mo bínú sí ẹ, Nsona, mo…"

Nsona na ọwọ́ kíákíá, ó fi bo ẹnu ìyá rẹ̀.

Lutete gbé ọwọ́ kékeré náà kúrò, ó dì í mú. "Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Mo bínú sí ẹ, mo ní kí wọ́n máa mú ẹ lọ. Kò yẹ kí n ṣe é."

Nsona dúró láìmira. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ kan, ó wo èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì, ó mi ọmọ ìka wọn. Nígbà tó rí i pé gbogbo rẹ̀ pé, ó ní ebi ń pa òun.